Bàtà àtijọ́ tó ṣì ṣeé wọ̀ jáde, lówó pọ́ọ́kú: báwo lẹ ṣe ń rí i?

Ọmọ Ìpẹru | Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín ju bó ṣe yẹ lọ.

Oṣù tó kọjá ni mo ra bàtà búráùn kan lórí àtẹ òkìríkà ní Sàgámù, ₦9,000. Àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́ rí: bébà tí wọ́n fi wé e ṣì wà nínú páálí rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ bí àwo tuntun. Mo ní mo ti rí he. Mo gbé e sí yàrá, mo ń dúró de òde.

Òde dé. Ìnáwó òkú bàbá ọ̀rẹ́ mi ní Ọdẹ Rẹ́mọ. Onílù kì mí, mo dìde, mo ń jó lọ síwájú láti náwó fún olóòkú. Mo ń gbọ́ tí nǹkan ń rún lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí ẹni ń tẹ gúgúrú, n ò kọbi ara sí i. Ìgbà tí mo yíjú pa dà ni mo rí i: ìsàlẹ̀ bàtà mi ti já bọ́ wẹ́wẹ́ láti ìdí tábìlì wa títí dé iwájú onílù, dúdú dúdú, bí ìgbẹ́ ewúrẹ́. Ọmọdé kan ń ṣà á tẹ̀lé mi. Kí orin tó parí, awọ òkè nìkan ló kù lẹ́sẹ̀ mi, ìbọ̀sẹ̀ ni mo fi ń tẹ ilẹ̀. Sìlípáàsì ₦1,500 ni mo wọ̀ délé, tàgbádá tàgbádá.

Ohun tí mo ń wá gan-an rèé. Fọ́tò kan wà tí bàbá mi yà ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1974. Bàtà dúdú kan wà lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n lu ihò wínníwínní sí imú rẹ̀ bí ẹni kọlà, ó ń dán bí dígí. Irú ẹ̀ ni mo fẹ́ wọ̀ sí Ojúde Ọba tó ń bọ̀. Ẹgbẹ́ wa ti dá aṣọ, oníkálukú ni yóò wá bàtà ara rẹ̀. ₦20,000 ni gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ mi, ẹni tó bá sì ti béèrè iye bàtà awọ tuntun láìpẹ́ yìí mọ̀ pé ẹsẹ̀ kan ni ìyẹn máa rà. Báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tí kò ní dójú ti èèyàn?

Jagunlabí Ìṣarà | Ọjọ́ Ajé, 8:31 alẹ́

Bí ìgbẹ́ ewúrẹ́! Mo wà nínú ọkọ̀, dírẹ́bà ń wò mí nínú dígí, ó rò pé orí mi ti dàrú. Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ṣé wọ́n rí i gbá ṣá?

Tíṣà Kẹ́místírì | Ọjọ́ Ajé, 9:05 alẹ́

Ẹ má lọ bá ẹni tó tà á jà. Ó ṣeé ṣe kí òun náà má mọ̀.

Irú ìsàlẹ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní polyurethane, PU ni wọ́n máa ń gé e sí. Fúùmù ni, afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi fúyẹ́ tó sì tu ẹsẹ̀ lára. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn tó ń ṣe bàtà ti ń lò ó káàkiri. Omi ni ọ̀tá rẹ̀, omi inú afẹ́fẹ́ tí ojú ò rí. Ọ̀rinrin á máa wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á máa já àwọn ìdè tó so ó pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ooru á sì máa bá a kín in lẹ́yìn. Bàtà lè wà nínú páálí fún ọdún 15, kí ojú rẹ̀ máa dán, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti kú. Ẹ wá wo ilẹ̀ Rẹ́mọ tiwa yìí lásìkò òjò, níbi tí iyọ̀ ti ń di omi nínú ìkòkò. "Kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́ rí" tí ẹ kà sí oríire, òun gan-an ló yẹ kó kọ yín lóminú.

Tẹ́ ẹ bá ti gbé bàtà, ẹ fi èékánná àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Tí ojú èékánná bá dúró síbẹ̀ tí kò pa dà, tí ìyẹ̀fun bá bọ́, tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn bíi ẹ̀ẹ̀márùn-ún, kí ẹ gbé e sétí. Èyí tó bá ń ké bíi bisikíìtì, ọjọ́ òde ló ń dúró dè. Awọ àti rọ́bà gidi ò ní àìsàn yẹn. Wọ́n lè gan, wọ́n lè sán, ṣùgbọ́n wọn ò ní tú dà nù láàárín agbo.

Súmékà Ìmowò | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:40 àárọ̀

Tíṣà ti sọ tìwé, ẹ jẹ́ n sọ tọwọ́. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń rán bàtà.

Èèyàn á wọlé, á gbé bàtà síwájú mi, ojú bàtà ni á máa fi hàn mí. Èmi á dojú ẹ̀ dé. Ìdí ni mo ń wò. Ẹ wo etí ibi tí awọ òkè ti pàdé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀já awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yọ síta, tí wọ́n fi okùn rán yípo, ẹ di bàtà yẹn mú. Awọ òkè ni wọ́n rán mọ́ ọ̀já, ọ̀já náà ni wọ́n wá rán ìsàlẹ̀ mọ́. Tí ìsàlẹ̀ bá jẹ tán, màá tú u, màá rán òmíràn mọ́ ọn, awọ òkè ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń rán an bẹ́ẹ̀ ti wà láti àwọn ọdún 1870, orúkọ Goodyear ni wọ́n fi ń pè é. Bàbá tó bí Goodyear ọ̀hún ló kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń se rọ́bà.

Ṣùgbọ́n ẹ la ojú yín. Okùn tí ẹ ń rí lára òmíràn, ẹ̀tàn ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára rọ́bà láti inú ẹ̀rọ ni. Ẹ fi ẹnu abẹ́rẹ́ tàbí èékánná gbé e wò: okùn gidi á gbéra díẹ̀. Irú míì wà tí wọ́n rán láti inú bàtà já sísàlẹ̀ tààrà, ẹ ó rí ojú okùn náà tẹ́ ẹ bá gbé ìtẹ́nú, ìyẹn awọ inú bàtà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ìyẹn náà ṣeé tún ṣe, omi kàn máa ń gba ojú abẹ́rẹ́ wọlé ni. Èyí tó jẹ́ gọ́ọ̀mù nìkan, tó bá ṣí, màá lẹ̀ ẹ́, màá sì fọwọ́ rán an yípo kó má bàa tún ṣí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tú bàtà Gẹ̀ẹ́sì kan tó dàgbà ju èmi lọ. Lábẹ́ ìtẹ́nú ni mo ti bá kọ́ọ̀kì, èèpo igi rírọ̀ tí wọ́n máa ń tẹ́ síbẹ̀. Ó ti tẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ni ín: ojú ọmọ ìka márààrún hàn níbẹ̀, ibi gìgísẹ̀ jìn bí àwo ọbẹ̀. Ọ̀tún jìn ju òsì lọ. N ò rí ọkùnrin náà rí, ṣùgbọ́n mo mọ bó ṣe ń rìn. Mo fá gbogbo ẹ̀ dà nù, mo tẹ́ tuntun sí i.

Ìsàlẹ̀ rọ́bà, ₦5,000 sí ₦6,000 lọ́dọ̀ mi. Awọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí Mushin ni mo ti ń lọ rà á. Táyà wà fún ẹni tó bá fẹ́ kó pẹ́, àmọ́ ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́sẹ̀ bíi pé ẹ wọ mọ́tò.

Àǹtí Alábẹ́ẹ̀lì | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:22 ọ̀sán

Èmi ń ta òkìríkà bàtà ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo ti lo ọdún 11 nídìí ẹ̀. Tíṣà, Ọlọ́run á bù kún yín tẹ́ ẹ gbà wá sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀lì la ń rà, a kì í rí inú ẹ̀ ká tó sanwó. Ọjọ́ míì á dùn, ọjọ́ míì ẹ ó tú u, ẹ ó bá ẹsẹ̀ òsì mẹ́ta tí ò ní ọ̀tún. Èmi sì ti san owó ọkọ̀ láti ọjà Kàtángùà ní Abúlé Ẹ̀gbá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun míì ẹ̀wẹ̀, ọjà Aswani ni mo ń lọ.

Ẹ gbọ́ àṣírí tó wà níbẹ̀. Ọjọ́ tá a bá tú bẹ́ẹ̀lì, àwọn ọmọ kékeré á ti dúró dè wá, pàápàá àwọn tó ń bọ̀ láti yunifásítì l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè. Kánfáàsì ni wọ́n ń lé. Wọ́n á tì, wọ́n á jà, wọ́n á san owó gidi. Bàtà awọ tàgbàlagbà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá fi máa di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìsàlẹ̀ òkìtì ló máa wà, èmi náà á sì ti rẹ̀. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ wá. Bàtà tí mo pè ní ₦12,000 láàárọ̀, màá gba ₦6,000 lórí ẹ̀ kí n má bàa rù ú relé.

Ẹ má wọ aṣọ ìnáwó wá sọ́jà. Ẹ má sì gbé èyí tẹ́ ẹ fẹ́ lákọ̀ọ́kọ́; ẹ kọ́kọ́ béèrè iye ẹ̀yí tẹ́ ẹ ò fẹ́. Ọkùnrin kan pariwo orúkọ bàtà kan níwájú mi níjọ́sí, "Háà! Bàtà tí mo ti ń wá láti ọdún mélòó rèé!" Kí ni ẹ rò pé mo ṣe? Mo fi ₦5,000 lé e lójú ẹsẹ̀.

Tá a bá so bàtà méjì pọ̀, ẹ tú u, kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà inú ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé mẹ́jọ ni ọ̀kan, ìkejì jẹ́ mẹ́jọ ààbọ̀. Kì í ṣe jìbìtì ní gbogbo ìgbà o, bó ṣe ti òkè òkun dé nìyẹn.

Ọmọ Ìpẹru | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:50 alẹ́

Àǹtí, ẹ ti tú àṣírí ọjà yín fún wa báyìí, Ọlọ́run á rọ́pò ẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó pẹ́ lóòótọ́? Gbogbo bàtà tó bá ti ní eruku ni wọ́n ń pè ní fíńtéèjì nísinsìnyí.

Bàbá Olùkọ́ Ìkẹ́nnẹ́ | Ọjọ́rú, 10:17 àárọ̀

Mo kí gbogbo yín. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mo ní bàtà àtijọ́ 31, mo sì ń wọ gbogbo wọn. Ìyàwó mi ní 38 ni. Ẹ gba tèmi gbọ́.

Ìlú tí wọ́n kọ sínú bàtà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, torí ìlú máa ń kú bí èèyàn. Èyí tí wọ́n bá kọ "West Germany" sí, kí Jámánì méjèèjì tó pa pọ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1990 ni wọ́n ti ṣe é. Èyí tó bá jẹ́ "Czechoslovakia", kí ọdún 1993 tó dé ni, ìgbà yẹn ni orílẹ̀-èdè náà pín sí méjì. Onítọ̀hún ò lè purọ́ ọjọ́ orí fún yín.

Ìkejì: ẹ wo àwọn àwòrán tíntìntín tó máa ń wà lábẹ́ bàtà tàbí lára ahọ́n rẹ̀. Àwọn ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù ló sọ ọ́ di dandan láti 1996. Bàtà tí kò bá ní in, tó sì jẹ́ ti Yúróòpù, ó ṣeé ṣe kó ti wà ṣáájú ìgbà yẹn. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á, torí ó wúlò fún bàtà tuntun náà. Àwòrán tó dà bí awọ ẹran tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ láti sá, awọ gidi nìyẹn. Tí dáyámọ́ńdì kékeré bá wà láàárín awọ yẹn, wọ́n ti fi nǹkan bo ojú awọ náà. Àwòrán bí àwọ̀n, aṣọ ni. Dáyámọ́ńdì lásán, rọ́bà tàbí nǹkan míì ni, ohun yòówù tí ẹni tó ń tà á ì bá à sọ. Bí ẹni náà bá mú láítà jáde pé òun fẹ́ jó o han yín pé awọ ni, ẹ ní kó dá iná náà dúró, kó yí bàtà sẹ́yìn.

Mo gbọ́ tí ọmọ ọmọ mi kan ń sọ pé ilé iṣẹ́ Bata ló fún Yorùbá ní ọ̀rọ̀ "bàtà". Mo ní kó jókòó. Ọdún 1894 ni ìdílé Bata dá ilé iṣẹ́ wọn sílẹ̀ ní Zlín, ní orílẹ̀-èdè Czech òde òní. Àwọn baba wa ti ń pe bàtà ní bàtà kí ẹnikẹ́ni níbí tó gbúròó wọn. Orúkọ ló ṣe kòńgẹ́ orúkọ. Àmọ́ òótọ́ ni pé Bata ni mo kọ́kọ́ wọ̀, nígbà tí mo wọ ilé ìwé girama, mo sì fi okùn rẹ̀ kọ́ ọrùn rìn láti ilé dé ẹnu géètì kó má bàa dọ̀tí.

Tí mo bá ní ìkìlọ̀ kan: Desert Boot tí Clarks gbé jáde ní 1950, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà aláwọ̀ iṣu sísè, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e sínú bútù ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan. Ó máa lẹ̀ mọ́ kápẹ́ẹ̀tì. Tèmi ṣì wà níbẹ̀.

Ìránṣẹ́ Olúwa, Mákùn | Ọjọ́rú, 12:03 ọ̀sán

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látàárọ̀, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ mọ ẹni tó wọ bàtà yẹn kó tó dọ́dọ̀ yín? Ẹ mọ ohun tó pa á? Àwọn àgbà ò fọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ṣeré. Tí wọ́n bá ń ṣàdúrà, orí àti ẹsẹ̀ ni wọ́n ń pè pọ̀. Ẹ wá lọ ki ẹsẹ̀ yín bọ ibi tí ẹlòmíì ti rìn kúrò láyé.

Jagunlabí Ìṣarà | Ọjọ́rú, 12:11 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, tòkúnbọ̀ ni mọ́tò tí ẹ ń gùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Fíríìjì yín ńkọ́? Ta ló mọ ẹran tí wọ́n gbé sínú ẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù?

Ìránṣẹ́ Olúwa, Mákùn | Ọjọ́rú, 12:19 ọ̀sán

Mọ́tò kì í ṣe ara èèyàn. Bàtà máa ń mu òógùn. Súmékà fúnra ẹ̀ sọ pé òun rí ọmọ ìka ẹlòmíì nínú ẹ̀! Ẹni tó bá máa wọ̀ ọ́ dandan, kó fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, kó gbàdúrà sí i.

Súmékà Ìmowò | Ọjọ́rú, 12:26 ọ̀sán

Ẹ gbàdúrà sí i dáadáa, ẹ ò ní rí mi kí n ta kò yín. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run, ẹ má fi omi iyọ̀ fọ awọ! Á gan, á sán, á hu funfun lára.

Bàbá Olùkọ́ Ìkẹ́nnẹ́ | Ọjọ́rú, 4:45 ìrọ̀lẹ́

Ohun tí Ìránṣẹ́ Olúwa sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Nígbà tí bàbá mi kú, a pín aṣọ, a pín fìlà, nígbà tó kan bàtà, gbogbo wa dákẹ́. Àbúrò wọn ló wá ní kí n gbé e, torí èmi nìkan ni ẹsẹ̀ mi bá a mu. Ọdún méjì ni mo fi gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí n tó wọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí mo wọ̀ ọ́ jáde, ìyá mi ń bẹ lẹ́yìn ilé, wọ́n gbọ́ ìró rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, wọ́n dáhùn pé "Ẹ káàbọ̀ o" kí wọ́n tó rántí.

Ẹni tí kò bá fẹ́, kó má wọ̀. Ìyẹn náà ṣì wà nínú 31.

Ṣaléwá Ìlíṣàn | Ọjọ́bọ̀, 9:30 àárọ̀

Ẹ̀yin ọkùnrin nìkan lẹ ní ẹsẹ̀ ni? Láti Ọjọ́ Ajé, kò sẹ́ni tó dárúkọ bàtà obìnrin.

Èmi, bàtà onígìgísẹ̀ kúkúrú tó nípọn ti àwọn ọdún 1980 ni mo ń lé, irú èyí tí àwọn ìyá wa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú báàgì aláwọ̀ kan náà. Ọ̀rọ̀ tiwa yàtọ̀ díẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kan wà nínú ìsàlẹ̀ bàtà onígìgísẹ̀, láàárín gìgísẹ̀ àti ibi tí ọmọ ìka ń tẹ̀. Irin yẹn ló gbé yín ró. Tó bá ti dípẹtà tàbí tó dá, ẹ máa ṣubú níwájú ìyá ọkọ. Ẹ gbé bàtà ka orí tábìlì, kẹ́ ẹ fi ìka méjì tẹ àárín inú rẹ̀. Tó bá rì, tó ń jó síhìn-ín sọ́hùn-ún, tàbí tẹ́ ẹ gbọ́ kọ́ọ̀, ẹ rìn lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìdí gìgísẹ̀. Rọ́bà kékeré tó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan, súmékà á pààrọ̀ ẹ̀ lówó táṣẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹni àkọ́kọ́ ti fi gìgísẹ̀ lásán rìn títí awọ ara rẹ̀ fi ká sókè, iṣẹ́ ti pọ̀ jù nìyẹn.

Ẹ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ìtẹ́nú rẹ̀ bá jẹ́ rẹ́síìnì, á máa ṣí bí ara ẹni tí oòrùn bó, á sì lẹ̀ mọ́ yín ní sítókín. Dúdú lásán lẹ máa fi bọ́ ọ lálẹ́.

Ẹ gbọ́, ₦3,000 ni mo ra aláwọ̀ aró kan ní ọjà Fàlàwò. Àwọn èèyàn ń béèrè ẹni tó bá mi rà á wá láti Lọ́ńdọ̀nù. N kì í dáhùn.

Tíṣà Kẹ́místírì | Ọjọ́bọ̀, 2:08 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà kù. Nọ́ńbà Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yúróòpù kì í ṣe ọ̀kan náà. Láti nọ́ńbà Gẹ̀ẹ́sì kan sí èkejì jẹ́ ìdá mẹ́ta íǹṣì. Ti Yúróòpù, ìdá méjì nínú mẹ́ta sẹ̀ǹtímítà. Mẹ́jọ Gẹ̀ẹ́sì sún mọ́ 42, Amẹ́ríkà sì lè kọ mẹ́sàn-án sí i. Bàtà àtijọ́ tún máa ń ní lẹ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà, ìbú ẹsẹ̀ nìyẹn. Ẹsẹ̀ àwa tá a fi ẹsẹ̀ lásán ṣeré lọ́mọdé fẹ̀, ẹ má ra tóóró nítorí pé ó lẹ́wà.

Èmi kì í gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà rárá. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti wú díẹ̀, mo dúró lórí páálí, ọmọ mi fi bírò yí ẹsẹ̀ mi po, mo gé e. Páálí yẹn ni mo ń gbé lọ sọ́jà. Mo kàn máa ń ki í bọ inú bàtà ni. Tó bá ká, kò gbà mí.

Jagunlabí Ìṣarà | Ọjọ́bọ̀, 6:15 ìrọ̀lẹ́

Mo ti rí ọ̀kan lónìí, ₦4,000, awọ gidi, wọ́n rán an. Àmọ́ ó ti bu, funfun báláú nínú lóde. Ṣé kí n sá a sóòrùn?

Súmékà Ìmowò | Ọjọ́bọ̀, 6:52 ìrọ̀lẹ́

Àbúrò, má sá a sóòrùn, awọ á sán ni. Gbé e síta ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́, lábẹ́ ìbòòji. Fi búrọ́ọ̀ṣì gbẹ gbá funfun yẹn kúrò, má ṣe é nínú yàrá. Po fínígà àti omi ní ìdajì ìdajì, ti aṣọ bọ̀ ọ́, fún un gbẹ, fi nù ún nínú lóde. Ki bébà ìròyìn sí i, pààrọ̀ bébà láàárọ̀ àti lálẹ́ títí á fi gbẹ. Lẹ́yìn náà lo lè wá fi Kíwì kùn ún.

Ṣaléwá Ìlíṣàn | Ọjọ́bọ̀, 7:10 alẹ́

Òrí ni èmi fi ń pa á kó tó kan Kíwì.

Súmékà Ìmowò | Ọjọ́bọ̀, 7:21 alẹ́

Òrí díẹ̀ dáa fún awọ tó gbẹ. Ẹ̀yin obìnrin ò mọ díẹ̀. Ẹ ó pa á bí ẹni ń pa ọmọ tuntun lára, gọ́ọ̀mù á ṣí, Kíwì ò ní dì í mú, ẹ ó wá ní súmékà ò mọṣẹ́.

Bàbá Olùkọ́ Ìkẹ́nnẹ́ | Ọjọ́bọ̀, 8:02 alẹ́

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti dárúkọ Kíwì: ẹyẹ tó wà lórí agolo yẹn, ará Ọsirélíà tó ṣe é ní 1906 ló fi pọ́n ìyàwó rẹ̀ lé. Ọmọ New Zealand ni obìnrin náà, ẹyẹ ilẹ̀ wọn sì ni. Ọdún mélòó ni mo fi rò pé adìyẹ tí kò níyẹ̀ẹ́ ni.

Ọmọ Ìpẹru | Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ọjọ́ Àìkú, 5:33 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé o.

Mo gé páálí. Mo lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Alábẹ́ẹ̀lì ní aago mẹ́rin ààbọ̀, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń fọ ọkọ̀. Abẹ́ òkìtì kánfáàsì ni mo ti bá a: bàtà dúdú kan tí ilé iṣẹ́ Salamander ṣe, àmì alángbá wọn wà nínú rẹ̀, "Made in West Germany", mẹ́jọ, ihò wínníwínní yí imú rẹ̀ ká. Àyà mi ń já. Mo kọ́kọ́ béèrè iye sálúbàtà pupa kan. Àǹtí wo ojú mi, wọ́n ní, "Ìwọ ni Ọmọ Ìpẹru, àbí?" Ẹ̀rín pa gbogbo wa. ₦6,500 ni wọ́n gbà.

Mo gbé e dé Ìmowò. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ, ọ̀já rẹ̀ ṣì le koko. Bàbá súmékà fi kókó ìka gbá a, wọ́n gbọ́ ìró rẹ̀, wọ́n ní kí n lọ jẹun kí n pa dà wá. ₦5,500. Kíwì àti búrọ́ọ̀ṣì jẹ́ ₦1,000. Ó jẹ́ ₦13,000 lápapọ̀. Mo ti wọ̀ ọ́ rìn nínú ilé fún ọjọ́ mẹ́rin, mo ti jó nínú ẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí wẹ́wẹ́ kankan.

Mo ya fọ́tò ẹsẹ̀ mi, mo fi ránṣẹ́ sí bàbá mi pẹ̀lú fọ́tò 1974 yẹn. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹ wò ó, irú tiyín." Wọ́n pè mí. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Wọ́n ní, "Tèmi kẹ̀? Bàtà onífọ́tò ni! Ẹnu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló máa ń wà, pẹ̀lú kóòtù kan àti táì. Gbogbo ẹni tó bá wá ya fọ́tò lọ́dún yẹn ló ń wọ̀ ọ́. Sálúbàtà ni mo wọ̀ lọ. Ó tóbi fún mi, wọ́n ki bébà sí i nímú." Mo tún fọ́tò náà wò. Lóòótọ́ ni, gìgísẹ̀ wọn ò kan ẹ̀yìn bàtà.

Jagunlabí Ìṣarà | Ọjọ́ Àìkú, 5:41 ìrọ̀lẹ́

Ẹ dúró ná. Bàbá àgbà mi náà ya fọ́tò kan ní Ìjẹ̀bú-Òde láyé ọjọ́un. Bàtà dúdú, oníhò. Mò ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí.

Ọmọ Ìpẹru | Ọjọ́ Àìkú, 5:58 ìrọ̀lẹ́

Ó ku ₦7,000 lọ́wọ́ mi. Mo ti ní kí àbúrò mi gé ẹsẹ̀ bàbá sórí páálí, kó fi ránṣẹ́. Wọ́n ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe, kò dá wọn lóhùn. Àǹtí, ọjọ́ wo lẹ tún ń tú bẹ́ẹ̀lì?

Àǹtí Alábẹ́ẹ̀lì | Ọjọ́ Àìkú, 6:04 ìrọ̀lẹ́

Ọjọ́ Ẹtì. Má wulẹ̀ béèrè iye sálúbàtà mọ́ o, mo ti dá ẹ mọ̀.